Amọ̀kòkò Méjì: Àyànmọ́, Ìfẹ́ Ọlọ́run àti Ẹni Tí Ó Kúnlẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ àwọn oníṣẹ̀ṣe ní Ọjà Ọba, Ìbàdàn)

    

Ibi tí a jókòó sí yìí, Ọjà Ìbà ni àwọn baba wa ń pè é, nítorí Ìbà Olúyọ̀lé, kí ẹnu àwọn ìran tí ó tẹ̀ lé wọn tó sọ ọ́ di Ọjà Ọba. Ẹ má bínú pé ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo kọ́ ní yunifásítì ni kí n máa wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí ní ẹnu ènìyàn. Iṣẹ́ tí mo bá nílé ni kí n máa dá Ifá. Iṣẹ́ méjèèjì pàdé lórí ìbéèrè tí mo gbé wá lónìí: ta ni ó ń yàn nínú ayé yìí, Ọlọ́run ni tàbí ènìyàn?

Ohun tí ó mú mi yan ọ̀rọ̀ yìí ni àríyànjiyàn tí mo máa ń gbọ́ láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa àti àwọn ọmọ ìjọ. Ọmọ oníṣẹ̀ṣe yóò ní, “Ọlọ́run yín ni ó ti yan ohun gbogbo fún yín, ẹ kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Àwa ni a kúnlẹ̀ tí a yàn fúnra wa.” Ọmọ ìjọ yóò dá a lóhùn pé, “Irọ́ ni. Ẹ̀yin ni ẹ so ara yín mọ́ àyànmọ́. Àwa ni Ọlọ́run fún ní òmìnira.” Mo gbọ́ irú rẹ̀ nínú máíkírà kan láti Bẹẹrẹ títí dé Mọ́kọ́lá. Olúkúlùkù ń gbé ẹrù tí ó wúwo fún ẹnì kejì, kò sì sí èyí tí ó mọ ilé ara rẹ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilé tiwọn, kí a sì wò ó bí ẹni tí kò wá ìjà. Kókó tí ó wà níbẹ̀ rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti tú. Bí Ọlọ́run bá mọ ohun gbogbo kí ó tó ṣẹlẹ̀, tí ohunkóhun kò sì lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn àṣẹ rẹ̀, kí ni ó kù fún ènìyàn láti pinnu? Bí ènìyàn bá sì lè kọ̀ fún Ọlọ́run ní tòótọ́, ṣé àṣẹ Ọlọ́run kò ti ní ààlà nìyẹn? Pọ́ọ̀lù fi amọ̀kòkò ṣe àpèjúwe nínú ìwé tí ó kọ sí àwọn ará Róòmù: amọ̀ kò ní ẹnu tí yóò fi bi ẹni tí ó ń mọ ọ́n léèrè ìdí tí ó fi mọ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ fi amọ̀kòkò yìí sọ́kàn, a ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹni tí ó fa ọ̀rọ̀ náà dé gbòǹgbò nínú ìjọ kì í ṣe òyìnbó. Augustine ni, ọmọ Thagaste, ìlú kan ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Àlùjẹ́ríà lónìí. Wọ́n bí i ní 354. Pelagius, tí ó wá láti Bìrìtéènì, ni ó ń kọ́ni pé bí ènìyàn bá fẹ́ ṣe rere, agbára láti ṣe é wà lọ́wọ́ rẹ̀. Augustine ní rárá: ìfẹ́ inú ènìyàn ti ṣàìsàn, àfi kí oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run kọ́kọ́ wò ó sàn kí ó tó lè fẹ́ ohun tí ó dára. Àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Carthage dá Pelagius lẹ́bi ní 418. Kí ẹ tó fi Augustine ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ rántí pé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni ó ń sọ. Ó ti fẹ́ fi àwọn nǹkan kan sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀ tí kò sì lè fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ti fẹ́ dẹ́kun ọtí rí, tí ọtí kò sì jẹ́ kí ó lọ, yóò yé e.

Ní 1525, Martin Luther ní ilẹ̀ Jámánì kọ̀wé tako Erasmus, ẹni tí ó ti gbèjà òmìnira ènìyàn ní ọdún kan ṣáájú. Luther ní ìfẹ́ inú ènìyàn dà bí ẹran tí à ń gùn. Bí Ọlọ́run bá gùn ún, ibi tí Ọlọ́run fẹ́ ni yóò lọ. Bí Sátánì bá gùn ún, ibi tí Sátánì fẹ́ ni. Ẹran náà kọ́ ni yóò yan ẹni tí yóò gùn ún. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, ẹ̀rín pa mí, nítorí àwa tí à ń pe elégùn ní ẹṣin òrìṣà mọ ohun tí gígùn jẹ́. Ṣùgbọ́n òrìṣà a máa sọ̀ kalẹ̀. Bí ìlù bá dákẹ́, tí orí elégùn wálé, yóò béèrè omi mu, yóò sì rántí pé òun ní ọjà tí òun yóò tà lọ́la. Ẹran tí Luther ń sọ kò ní ìgbà kankan tí kò sí ẹni lẹ́yìn rẹ̀.

Calvin àti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ mú ọ̀rọ̀ náà le sí i: kí a tó dá ayé, Ọlọ́run ti yan àwọn tí yóò gbà là. John Wesley, ẹni tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, wàásù tako èyí ní 1739. Lójú tirẹ̀, oore-ọ̀fẹ́ wà fún gbogbo ènìyàn, ẹni tí ó bá sì fẹ́ lè kọ̀ ọ́. Ìjọ Áńgílíkà ní tiwọn ní Orí Ìgbàgbọ́ mọ́kàndínlógójì, èyí kẹtàdínlógún nínú wọn sì dá lórí yíyàn tẹ́lẹ̀. Ní ọdún kan náà ni Mẹ́tọ́díìsì àti Áńgílíkà sọ̀ sí Àgbádárìgì: Thomas Birch Freeman ní oṣù kẹsàn-án 1842, Henry Townsend ti C.M.S. ní oṣù kejìlá. Ẹ̀sìn ni wọ́n kó fún àwọn baba wa. Àríyànjiyàn tí ó wà nínú rẹ̀, inú àpótí ni ó wà.

Láti ibí, Kúdẹtì kò jìnnà. Ibẹ̀ ni David Hinderer tẹ̀dó sí, òyìnbó Jámánì láti Württemberg tí C.M.S. rán. Ó kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn ní 1851, ó sì padà wá pẹ̀lú Anna ìyàwó rẹ̀ ní 1853. Òun ni ó túmọ̀ ìwé Bunyan sí èdè wa, èyí tí a tẹ̀ ní 1866 ní *Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́*. Ìwé yẹn dùn mọ́ mi nítorí ìdí kan. Bunyan wà lára àwọn tí ó gbà pé Ọlọ́run ti yan àwọn tirẹ̀, síbẹ̀ ọkùnrin inú ìwé rẹ̀ gbé ẹrù sẹ́yìn, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ṣìnà, ó padà, ó tún ń lọ. Nígbà tí ó di ọ̀rọ̀ ìtàn, yíyàn tẹ́lẹ̀ nìkan kò tó. Ó ní láti fún ènìyàn ní ẹsẹ̀. Àwa náà ní ìtàn Ifá nípa ìgbà tí àwọn Orí pé jọ láti ṣe ìpinnu láì pe Ẹsẹ̀, tí ìpinnu wọn kò sì lè jáde kúrò níbi tí wọ́n jókòó sí.

Ṣùgbọ́n kí ìwé Bunyan tó dé ni ohun tí mo ń wá ti ṣẹlẹ̀. Ní 1850 ni a tẹ ìwé Róòmù ní èdè Yorùbá, iṣẹ́ Àjàyí Crowther. Ìwé tí ó ru ọ̀rọ̀ yíyàn jùlọ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ èdè wa. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n sì nílò ti wà nílẹ̀ de wọ́n, ó ti ń ṣiṣẹ́ nínú ilé Ifá láti ọjọ́ pípẹ́. *Yàn* ni. Bíbélì Yorùbá ní Ọlọ́run *yàn tẹ́lẹ̀*. Ó pe àwọn tí a yàn ní *àyànfẹ́*. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè kí n ṣe olùkọ́ èdè fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Nínú *àyànfẹ́*, ẹni tí ó ń yàn ni ó ń fẹ́, ènìyàn sì ni a yàn. Ènìyàn jẹ́ àbọ̀, Ọlọ́run ni olùwà. Ó yé wa. Ẹ wá wo *àkúnlẹ̀yàn*. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni a sín pọ̀ níbẹ̀, *kúnlẹ̀* àti *yàn*, kí a tó fi *à-* síwájú wọn. Nígbà tí a bá sín ọ̀rọ̀-ìṣe pọ̀ báyìí, olùwà kan náà ni wọ́n ń pín. Bí mo bá ní “Adé jókòó jẹun”, ẹni tí ó jókòó ni ó jẹun. Nítorí náà, ẹni tí ó kúnlẹ̀ ni ó yàn. Ta ni ó kúnlẹ̀? Ó dájú pé kì í ṣe Olódùmarè. Ta ni yóò kúnlẹ̀ fún? Gírámà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ti fi ènìyàn sí ipò olùwà kí babaláwo tó la ẹnu.

Bí mo bá dúró níbí, àwọn ọ̀dọ́ wa yóò pàtẹ́wọ́, wọn yóò sì padà sínú máíkírà. Mi ò dúró síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni àwọn àgbà fi sílẹ̀ fún wa, Bọ́lájí Ìdòwú sì to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè ní 1962, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni. *Àkúnlẹ̀yàn* ni èkíní. Èkejì ni *àkúnlẹ̀gbà*: ènìyàn ṣì ni ó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n gbígbà ni ó ń gbà, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ohun náà ti wá. Ẹ̀kẹta ni *àyànmọ́*. *Mọ́* inú rẹ̀ ni ti “kàn án mọ́ ògiri”, “dè é mọ́ igi”. Ohun kan ni a yàn tí a sì fi mọ́ ènìyàn lára. Ẹni tí ó yàn án kò farahàn nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Mo yàn, mo gbà, a fi mọ́ mi. Àwọn àgbà kò fi ọ̀kan pa ìyókù. Àwa ọmọ wọn ni a gbàgbé méjì, tí a ń pe ohun gbogbo ní àyànmọ́, tàbí *kádàrá*, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí ó gba ilẹ̀ Haúsá kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ amọ̀kòkò. Nígbà tí ará Ìbàdàn kọ́kọ́ gbọ́ nípa Ọlọ́run tí ó dà bí amọ̀kòkò, ó ti mọ amọ̀kòkò kan ní ọ̀run tẹ́lẹ̀. Àjàlá alámọ̀ ni, ẹni tí ó ń mọ orí. Ẹ̀yin awo mọ ìtàn náà, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn àlejò. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta, Oríṣẹ́ẹ̀kú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, ń ti ìkọ̀lé ọ̀run bọ̀ wá sí ayé. Àwọn méjì sáré wọ ilé Àjàlá, wọ́n mú orí tí ó wuyì lójú wọn, wọ́n sì ń lọ. Orí náà kò jiná. Òjò pa wọ́n lọ́nà, amọ̀ sì ń ṣí lórí wọn títí wọ́n fi dé ayé. Afùwàpẹ́ kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Wọ́n dá Ifá fún un, ó rúbọ, ó sì pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Àjàlá. Nígbà tí ó dé, ó bá olówó tí ó wá sin gbèsè ní ẹnu ọ̀nà, nítorí amọ̀kòkò náà jẹ gbèsè, ó sì ti sá pamọ́ sí àjà. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó bá a wá orí tí ó jiná dáadáa. Òjò kan náà pa á, orí rẹ̀ kò ṣí.

Ẹ wo ìyàtọ̀ amọ̀kòkò méjèèjì. Ti Pọ́ọ̀lù kò lè ṣìṣe, a kò sì gbọdọ̀ bi í léèrè. Tiwa jẹ onígbèsè, òmíràn nínú iṣẹ́ rẹ̀ jiná, òmíràn kò jiná, a sì lè bá a dúnàádúrà. Nínú ti Pọ́ọ̀lù, ìkòkò ni ènìyàn. Nínú tiwa, ẹni tí ó wá ra ìkòkò ni. Ọmọ Ìbàdàn tí ó bá ti ra ìkòkò rí mọ̀ pé a kì í fi ojú nìkan rà á. A ó gbá a, a ó gbọ́ ìró rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ dìde níbí tí ó yẹ kí ó dín ìgbéraga wa kù. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì yẹn yàn lóòótọ́, kò sí ẹni tí ó fi ipá mú wọn. Síbẹ̀ wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń yàn. Ṣé òmìnira nìyẹn? Òwe wa ní a kúnlẹ̀ a yan ẹ̀dá, a dé ayé tán ojú ń kán ni. Ẹni tí ó bá fi òwe yìí lẹ Kìrìsìtẹ́nì lójú kò tíì gbọ́ apá kejì rẹ̀. Ìṣòro tí ó ń da Augustine láàmú ń da àwa náà láàmú. Ibi tí a gbé e sí ni ó yàtọ̀. Ohun tí Ifá fi kún un ni pé ìmọ̀ lè wọ inú yíyàn: ẹni tí ó bá dúró béèrè yóò yàn ju ẹni tí ó sáré lọ. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ awo fi wà. Bí ohun gbogbo bá ti parí ní ọ̀run, kí ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ń ṣe ní ọwọ́ mi?

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan tí ó ń ta àlùbọ́sà mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Wòlíì kan ti sọ fún wọn pé ọkùnrin tí ó fẹ́ fẹ́ ọmọ náà kì í ṣe ìfẹ́ Ọlọ́run. Inú bí ìyá, ó fẹ́ kí Ifá sọ pé òun ni. “Bàbá, ẹ bá mi wò ó, kí ẹ sì wò ó dáadáa.” Mo dá Ifá, Ifá fọ ire, ó sì ka ẹbọ. Ìyá ti ń tú owó ní ìdí aṣọ nígbà tí mo yíjú sí ọmọ náà, mo ní, “Ìwọ ńkọ́?” Kò kọ́kọ́ fọhùn. Nígbà tí ó yá, ó ní, “Ẹ má bínú sà, èmi gan-an kò fẹ́ ẹ. Mọ́mì ni wọ́n fẹ́ràn rẹ̀.” Láti ilé wòlíì dé ilé awo, kò tíì sí ẹni tí ó bi í. Mo ń sọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ ń dá Ifá bíi tèmi, nítorí mo ti rí awo tí ń fi “Ifá ní” ṣe ohun kan náà tí wòlíì ń fi “Olúwa wí” ṣe. Àwọn tí ń lọ sí ìsọ́-òru kí Ọlọ́run lè yí àyànmọ́ wọn padà, àti àwọn tí ń wá sọ́dọ̀ wa kí á bá wọn yí kádàrá, aládùúgbò ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tilẹ̀ jẹ́ ẹnì kan náà.

N kò ní pẹ́ lórí Èṣù, nítorí ẹ ti gbọ́ ọ púpọ̀: àwọn atúmọ̀ Bíbélì fi orúkọ rẹ̀ pe ẹlòmíràn. Ohun tí a kì í sábà sọ ni ohun tí ó gba ọwọ́ wa lọ. Èṣù ni ó ń ṣọ́ oríta, ó ń wo ẹni tí ó rú àti ẹni tí kò rú. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di ẹlẹ́tàn, olè tí a mú ní ọjà yìí kọ́ láti máa sọ pé, “Ẹ dákun, iṣẹ́ Èṣù ni.” Luther ìbá mọ gbólóhùn yẹn. Ẹran ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó gùn ún.

Gbólóhùn kejì ni *àmúwá Ọlọ́run*, èyí ni ó sì mú mi wá síwájú yín ní tòótọ́. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níbí rántí 31 oṣù kẹjọ 1980, nígbà tí Ògùnpa kún tí ó sì gbé ilé àti ènìyàn lọ. Àwọn ọmọ rántí 26 oṣù kẹjọ 2011, nígbà tí omíyalé tún pa ènìyàn tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ ní ìlú yìí. Nígbà méjèèjì, àmúwá Ọlọ́run ni ó kún ẹnu wa, Kìrìsìtẹ́nì, Mùsùlùmí àti oníṣẹ̀ṣe. Olùwà *mú wá* ni Ọlọ́run. Ẹni tí ó da pàǹtí sí odò kò sí nínú gbólóhùn náà. Ẹni tí ó kọ́lé sí etí omi kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó buwọ́ lu ìwé fún un. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì tí mo dárúkọ kò ní gbà bẹ́ẹ̀ fún wa: àní Calvin kò sọ pé àṣẹ Ọlọ́run wẹ ẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀. Wọn kò kọ́ wa ní àwáwí yẹn. Àwa ni a hun ún fúnra wa.

Ọ̀rọ̀ ilé wa ni ó kù, ó sì le ju tiwọn lọ. Bí mo bá dúró níwájú ìyá tí omi gbé ọmọ ọdún mẹ́ta rẹ̀ lọ, èwo nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta àwọn àgbà ni kí n mú jáde? N kò lè sọ fún un pé ọmọ náà kúnlẹ̀, ó sì yan ikú omi. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu awo níbi òkú ọmọdé, ara mi sì bù máṣọ. *Àkúnlẹ̀gbà* ńkọ́? Òjò ni a gbà. Pàǹtí tí ó dí odò kò ti ọ̀run wá. *Àyànmọ́* ńkọ́? Ta ni ó yàn án mọ́ ọmọ náà, tí kì í bá ṣe àwa tí à ń da ilẹ̀ sí Ògùnpa àti Kúdẹtì ní alẹ́ nígbà tí òjò bá ṣú? Èrò tèmi ni pé *mọ́* inú ọ̀rọ̀ yẹn gba ọwọ́ aládùúgbò gẹ́gẹ́ bí ó ti gba ọwọ́ Olódùmarè, àti pé ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi bo olùwà rẹ̀ mọ́lẹ̀. N kò tíì rí ẹsẹ Ifá tí ó sọ ọ́ tààrà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin àgbà awo, bí ọ̀kan bá wà lọ́wọ́ yín, tàbí èyí tí ó tako ohun tí mo sọ, òun ni mo fẹ́ gbọ́ kí á tó túká.

Mo dúró níbí. Àbọrú, àbọyè.